Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Lọ́dọ̀ Olùkọ́ Orin Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọjọ́ Ìkórè ìjọ wa lọ́dún tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n dá orin kọ lẹ́yìn ìwàásù. Orin náà kì í ṣe tuntun sí mi rárá: mo ti kọ ọ́ nídìí ààrò, mo ti kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà, àwọn ọmọ mi pàápàá ti mọ̀ ọ́n láìfẹ́, nítorí pé wọn kò ríbi sá sí. Ẹsẹ kìíní lọ geerege. Bí mo ṣe fẹ́ wọ ẹsẹ kejì ni mo gbójú sókè, tí ojú èmi àti ìyá àgbà kan tí ó jókòó níwájú sì ṣe mẹ́rin. Ìyá náà kò ṣe ju pé ó mi orí, bóyá orin náà ló ń dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni itọ́ gbẹ lẹ́nu mi, tí ọkàn mi ń lù kìkì bí ti ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, tí ẹsẹ kejì sì pòórá bí ohun tí n kò gbọ́ rí láyé. Ẹni tí ó ń tẹ dùùrù yí ohùn kan náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dúró dè mí. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan dì mú, mo tún ẹsẹ kìíní kọ, mo sì lọ jókòó. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ àánú kì í ṣòroó dá mọ̀.

Ìtìjú ọjọ́ náà ló gbé mi dé kíláàsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Olùkọ́ kan ló ń ṣe é ní yàrá òkè ilé kan tí kò jìnnà sí Takie, fún àwọn tí wọ́n lóhùn ṣùgbọ́n tí ojora kì í jẹ́ kí ohùn náà jáde níwájú èrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ọjọ́ Sátidé nìkan, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦40,000, èèyàn sì gbọ́dọ̀ san án pé kí ó tó wọlé lọ́jọ́ kìíní. Bí o bá kúrò láàárín, owó ti lọ nìyẹn. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé oyin àti ewúro ló wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ewúro náà ba iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọrin nílùú yìí yóò mọ ibẹ̀ bí ó bá béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì.

Mo ti rò pé orin ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá ni a pàdé lọ́jọ́ kìíní. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan wà láàárín wa tí ó ń kọ tàkasúfèé. Ìyá kan wà tí ó ń kọrin níbi wòlímọ̀ àti ìgbéyàwó. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wà, tí ó fẹ́ máa sun ìjálá. Àwa akọrin ìjọ la sì pọ̀ jù, èyí tí kò yani lẹ́nu ní ìlú tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn wọn sílẹ̀ láti ọdún 1898. Olùkọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun. Ó ní kí a máa jáde níkọ̀ọ̀kan, kí a dúró níwájú àwọn yòókù fún ìṣẹ́jú méjì, kí a má sọ̀rọ̀, kí a má rẹ́rìn-ín, kí a má wo ilẹ̀, ojú èèyàn ni kí a máa wò. Ẹni tí kò bá ṣe é rí yóò rò pé eré ọmọdé ni. Nígbà tí ó kàn mí, ọwọ́ mi kò mọ ibi tí yóò gbà. Mo fi di etí ìró mi mú, mo tú u sílẹ̀, mo tún un dì mú. "Tíṣà," ni olùkọ́ wí, nítorí pé ó ti gbọ́ pé iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, "ẹ fi ìró yẹn sílẹ̀, kò ní já." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú méjì mi látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ojoojúmọ́ ni mò ń dúró níwájú ọmọ tí ó ju àádọ́ta lọ láìfòyà. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ yẹn, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, ìwé wà lórí tábìlì, àwọn ni wọ́n sì ń bẹ̀rù mi.

Àlàyé rẹ̀ lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ara wà lára ohun tí ó tó owó mi. Ó ní ara kò mọ̀ pé èrò ìyàwó ló wà níwájú òun. Ohun tí ó gbọ́ ni pé ìjà dé. Ẹṣẹ́ tí ó wà lórí kíndìnrín a tú adirẹnalíìnì, omi ara tí ń ta ara jí, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé apá àti itan, ẹnu a gbẹ nítorí pé oúnjẹ kọ́ ló kàn, ọwọ́ a máa gbọ̀n, èémí a sì kúrò níkùn, a gòkè wá sí àyà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí onílù, ìlù rẹ̀ ṣì wà lápá rẹ̀, awọ ìlù náà kò mọ ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọ̀fun akọrin ni ohun èlò rẹ̀, ọ̀fun yẹn gan-an sì ni ojora ń fún. Iṣan tí ó ń darí tán-án-ná, ohun inú ọ̀fun tí ohùn ti ń jáde, a le, ohùn tí ó yẹ kí a fà gùn a máa gbọ̀n bí igbe ewúrẹ́, ohùn òkè a sì há. Mo ti ń ro ohun tí ó ṣe mí lọ́jọ́ Ìkórè sí àìnígbàgbọ́ tó. Ó tù mí nínú láti gbọ́ pé kíndìnrín ni àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Èémí ni oògùn àkọ́kọ́ tí ó fún wa. A ó fa èémí wọlé láti imú fún òǹkà mẹ́rin, ikùn ni kí ó wú, kì í ṣe èjìká. A ó wá tú u jáde láàárín eyín pẹ̀lú ìró "sss" fún òǹkà mẹ́jọ, lẹ́yìn náà méjìlá, lẹ́yìn náà mẹ́rìndínlógún. Ọkàn a máa rọra lù nígbà tí èémí bá ń jáde, nítorí náà ẹni tí ó bá mú ìjáde èémí gùn ju ìwọlé rẹ̀ lọ ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ fa ọkàn rẹ̀ sẹ́yìn. Yàrá náà máa ń dún bí ìgbà tí táyà mẹ́rìnlá bá ń jò pọ̀. Ilé ni a ó ti máa ṣe é lójoojúmọ́, àárọ̀ àti alẹ́, kò sì sí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀ ju pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó bá ṣe é. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ òde kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni bàbá tí ó fẹ́ sun ìjálá béèrè ohun tí gbogbo wa ìbá ti béèrè. Ó ní kí ni àwọn àgbà ń lò ní tiwọn, àwọn tí wọ́n ń dúró láàárín ọdẹ láìsí máìkì, tí wọ́n ń sun ìjálá títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Ní ìlú tí Ògúndáre Fóyánmu ti wá, ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Olùkọ́ dá a padà fún un: "Bàbá, kí ni wọ́n fi ń ṣíde?" Bàbá ní, "Ìbà ni." Olùkọ́ ní ìdáhùn náà nìyẹn. Bí ó ṣe tú u fún wa rèé, mo sì rò pé òótọ́ ni: ìjúbà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó ń sọ ọ́ kò lè gbàgbé, nítorí pé orúkọ baba rẹ̀, orúkọ Ògún àti orúkọ àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un, kò sì kánjú, tí ó fi jẹ́ pé kí olórin tó parí ìbà, èémí rẹ̀ ti wálẹ̀, etí rẹ̀ ti mọ bí ibẹ̀ ṣe ń dún. Ìbà náà tún ń ṣe nǹkan mìíràn tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ: ó ń tọrọ àforíjì sílẹ̀. Ẹni tí ó ti sọ fún àgbà àti èwe pé bí òun bá ṣì í sọ, kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà, kò tún ní ohun tí ó ń fi pamọ́ fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí a ń fi pamọ́ gan-an ni ojora ń jẹ.

Ó ní kí olúkúlùkù wa lọ kọ ìjúbà tirẹ̀, ìlà mẹ́rin péré, ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. Ìyá olórin wòlímọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú Bísímílà. Akẹ́kọ̀ọ́ tàkasúfèé fi orúkọ ìyá rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ ṣe tirẹ̀, ó sì dùn ju orin rẹ̀ gan-an lọ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ka ibí yìí. Èmi kí Olúwa, mo kí àwọn àgbà ìjọ, mo kí ẹni tí ó kọ́ mi ní orin, mo sì fi ìlà kẹrin tọrọ àforíjì. Bí kíláàsì náà kò bá kọ́ mi ní nǹkan mìíràn, n kò ní sọ pé wọ́n jẹ mí lówó.

Ṣùgbọ́n ó kù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, olùkọ́ mú ọ̀dọ́mọkùnrin aláyàn kan wá pẹ̀lú gángan rẹ̀, ó ní kí ó jókòó sí igun yàrá, kí ó sì máa yọ ẹni tí ó bá ń kọrin lẹ́nu bí ó ṣe wù ú. Ó fi ìlù bú akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, ọmọ náà kọrin rẹ̀ parí láìwẹ̀yìn. Nígbà tí ó kàn mí, èébú ni mo múra sílẹ̀ fún. Aláyàn náà kò bú mi. Ó ti bi ẹnì kan ní oríkì mi kí n tó dìde, bí mo sì ṣe ń wọ ẹsẹ kejì báyìí ni gángan ké: Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Àjílété. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ìkejì gùn. Orí mi wú. Irun ara mi dìde, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ̀rín gbé mi lẹ́nu, ẹsẹ kejì sì tún pòórá gẹ́lẹ́ bí ó ṣe pòórá lọ́jọ́ Ìkórè. Olùkọ́ ní, "Tíṣà, ta ló dẹ́rù bà yín báyìí?" Kò sẹ́ni tó dẹ́rù bà mí, inú mi ló ń dùn. Ó ní kí n fi ọwọ́ kan àyà mi, kí n sọ bóyá ohun tí ó ń ṣe nísinsìnyí yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣe níwájú ìyá àgbà ọjọ́sí. Mo fọwọ́ kàn án. Kò yàtọ̀. Orí wíwú àti ojora, ọmọ ìyá ni wọ́n nínú ara. Orúkọ tí a sọ wọ́n ni kò jọra.

Láti ọjọ́ náà ni olùkọ́ kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí nínú kíláàsì pé ẹ̀rù ń ba òun. "Orí mi ń wú" ni a gbọ́dọ̀ wí. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, títí mo fi rí i kà pé Alison Wood Brooks, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde ní 2014, nínú èyí tí ó ti ní kí àwọn èèyàn kọrin sínú ẹ̀rọ kan tí ó ń fún wọn ní máàkì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sọ pé inú àwọn ń dùn, àwọn kan sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Àwọn tí wọ́n ní inú àwọn ń dùn ni ẹ̀rọ náà fún ní máàkì tó ga jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò mọ ojúsàájú. Olùkọ́ tún sọ ìtàn Barbra Streisand, olórin Amẹ́ríkà, fún wa: ó gbàgbé ọ̀rọ̀ orin níwájú èrò rẹpẹtẹ ní Central Park, New York, ní 1967, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé nítorí alẹ́ yẹn, òun kò kọrin gba owó lọ́wọ́ èèyàn fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Èmi tí mo kàn ń sá fún ìyá àgbà kan ní ìjọ, mo rí i pé tèmi ṣì kéré.

Ibi tí mo ti bá kíláàsì náà jà rèé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀kan nínú wa mú oògùn wá nínú ọ̀rá, ó ní ẹnì kan ló tà á fún òun ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, pé bí èèyàn bá lò ó ní wákàtí kan ṣáájú òde, ọwọ́ kò ní gbọ̀n mọ́. Propranolol ni. Ó ń há a kiri. Olùkọ́ rí i, kò bá a wí. Ó ní àgbà ni gbogbo wa. N kò gba ìyẹn lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́: oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ń dí adirẹnalíìnì lọ́nà, àwọn dókítà sì ti tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet láti 1977 pé oxprenolol, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, dín ojora kù fún àwọn tí ń ta gòjé lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ó ń fa ìlùkìkì ọkàn sílẹ̀, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, ó sì lè dí ọ̀nà èémí pa fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Ìyá olórin wòlímọ̀ tí ó jókòó tì mí ní ikọ́ fée. Ìgò kékeré tí ó ń fín sẹ́nu kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Ó ti na ọwọ́ gba tirẹ̀ nígbà tí mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ má gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi dókítà." Lẹ́yìn kíláàsì ni mo lọ bá olùkọ́. Ó bẹ̀ mí, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e pé kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn tí dókítà kò kọ fún un. Mo gbà pé ó ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba owó láti wo ojora sàn kò gbọ́dọ̀ dúró de akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àbùkù yòókù kò tó èyí. Yàrá náà gbóná, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì sì wà lábẹ́ fèrèsé kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá jókòó sí ìhà ibẹ̀ kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Máìkì kan ṣoṣo ni àwa mẹ́rìnlá ń pín. Bí a bá yọ àlàyé kúrò, orin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ lọ́sẹ̀ kì í kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò sí sípíkà tí ó kọjú sí akọrin, nítorí náà a kì í gbọ́ ohùn ara wa, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ yóò máa pariwo títí yóò fi há. Mo rò pé èèyàn mẹ́wàá ló yẹ kí wọ́n máa gbà.

Alẹ́ ìkẹyìn ni a kọrin níwájú àlejò, àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́, bí ọgọ́ta èèyàn. Aago mẹ́rin ni wọ́n pè é. Aago mẹ́fà ni a bẹ̀rẹ̀. Èyí ló bí mi nínú jù lálẹ́ náà, nítorí pé ìdúró ni ojora ń jẹ yó, kíláàsì tí ó sì ń kọ́ni nípa rẹ̀ ló yẹ kí ó mọ̀. Ní wákàtí méjì yẹn, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí wọ́n pè mí, ọwọ́ mi tutù bí omi àmù. Mo gba máìkì, ọwọ́ náà gbọ̀n tí máìkì fi gbá mi léyín, sípíkà sì gbé e síta, ó dún "kò", gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Ọmọ kékeré kan rẹ́rìn-ín. Mo mí jáde. Mo mú ìjúbà mi ní ohùn ìsàlẹ̀, láìkánjú, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí mo fi dé ìlà àforíjì, ẹsẹ̀ mi ti rílẹ̀ dúró lé. Ẹsẹ kìíní lọ. Ní ẹsẹ kejì, mo ki ìlà kan bọ inú rẹ̀ láti ẹsẹ kẹta, bí ẹni tí ó fi bọ́tìnnì sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ibẹ̀ ni ǹ bá ti lọ jókòó. Mo kàn kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹsẹ kẹta, mo tún ìlà náà kọ ní ipò rẹ̀, àwọn èèyàn sì rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọkàn mi kò dẹ́kun lílù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò tún retí pé kí ó dẹ́kun.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá kí òun lọ, n ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó lóhùn. Olùkọ́ náà kì í kọ́ni ní ohùn. Ẹni tí ó ń jábọ́ lórí ohùn yóò jábọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Ẹni tí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò mọ lórí ìtàgé, tí kì í lè sùn, tí àyà rẹ̀ ń já nígbà gbogbo láìnídìí, dókítà ló yẹ kí ó lọ rí kí ó tó na ₦40,000 síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún akọrin tí ó ń kọ dáadáa nílé tí ó ń kú lóde, n kò mọ ibòmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo lè júwe fún un. Kí ó mú abẹ̀bẹ̀ àti omi dání, kí ó tètè dé, kí ó sì jókòó sí ìhà ọ̀tún, níbi tí kò ti sí jẹnẹrétọ̀.